Síríńjì Inú Báàgì

"Jọ̀ọ́, tún un tẹ̀," ni Bàbá Ẹ̀rọ, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ oògùn, wí.

Afínjú tún àṣẹ náà tẹ̀ sórí kọ̀mpútà: nọ́mbà ẹ̀rọ, àmì pé kó tú oògùn, ẹgbẹ̀rún kan ìṣísẹ̀ ọ̀pá. Ẹ̀rọ tó ń rọ oògùn sínú ìgò dáhùn pé òun ti gbọ́. Ọ̀pá inú síríńjì sún, oògùn ojú kán sínú ìgò. Bàbá gbé ìgò náà sórí ìwọ̀n. Ó pé géérégé, ìgbà kẹsàn-án nìyẹn.

"Kò sóhun tó ṣe é." Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àfi tó bá jẹ́ èmi ni mo so nǹkan kan láìdáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àgbà ti dé. Ojú mi náà ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Afínjú ò lè gbórí sókè, ojú ń tì í. Òun nìkan ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Torí pé nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Afínjú, orúkọ náà sì ti ń gùn ún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, síríńjì kékeré bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́. Ẹni tó bá fọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí tọmọdé tàgbà á ti kà á. Afínjú ò kọ nǹkan kan. Ó mú síríńjì ńlá, ó fi rọ́pò, ó ń báṣẹ́ lọ. Kò rántí pé nọ́mbà tí wọ́n ń tẹ̀ kì í ṣe iye oògùn, iye ìṣísẹ̀ ọ̀pá ni. Síríńjì tó bá tóbi ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì oògùn ló ń tú. Omi ni wọ́n sì fi ń kún ìgò lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Ní Ọjọ́rú, ó rí síríńjì kékeré mìíràn, ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ti èyí ńlá bọ inú báàgì rẹ̀.

Igba ìgò ni wọ́n ti rọ, oògùn ojú àwọn ọmọ ọwọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ń yẹ oògùn wò, tó rí i pé ó ti le jù kí wọ́n tó kó o jáde. Nígbà tí Afínjú gbọ́, ó lọ bì nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó fọ ẹnu, ó padà wá jókòó. Àwọn ọ̀gá ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ ò kúkú ṣeé lé lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe ló ṣeé lé.

Ọ̀gá àgbà wọlé, obìnrin tí kì í pariwo. Ó gbé ìwé kan síwájú Bàbá. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ fọwọ́ síbí, kẹ́ ẹ lọ sinmi nílé."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe é, ọ̀gá. Tí mi ò bá mọ̀ ọ́n, á tún ṣẹlẹ̀."

"Ọjọ́ mẹ́ta lẹ ti fi ń wá a."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́, ohun tá a bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Á jẹ́ pé èmi ni." Ó mú bírò. Ó wá yíjú sí Afínjú. "Má jẹ̀ẹ́ kẹ́rù bà ẹ́, ọmọ mi. Mo ti sọ fún wọn pé ọwọ́ tìẹ mọ́."

Ì bá sàn kó gbá a létí. Afínjú ṣí báàgì, ó gbé síríńjì ńlá lé orí ìwé náà, níbi tí Bàbá fẹ́ fọwọ́ sí gan-an.

"Ẹ má fọwọ́ sí i, Bàbá. Èmi ni mo fọ́ kékeré. Èyí ni mo lò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò sì yí nọ́mbà padà."

Bàbá gbé síríńjì náà sún mọ́ ojú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹnu rẹ̀ ń mì bó ṣe ń ṣírò.

"Ìlọ́po méjì," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ mi kọ́." Kò wo Afínjú.

Kò sẹ́ni tó rán an, Afínjú dìde lọ síbi ìwé ẹnu ọ̀nà. Ó kọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ síríńjì kékeré kan. Níbi orúkọ, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ló kọ, kò kọ Afínjú.