Èèkàn Kẹrin

Yàrá àlejò ilé-iṣẹ́ náà kò ju ibi tí àga mẹ́fà lè gbà lọ. Gíláàsì ńlá kan ló pààlà láàárín rẹ̀ àti yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Ìyá Ọ̀gá jókòó síwájú, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Kí ló dé tí kò ní dùn? Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ló wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, tó ń pàṣẹ fún ọkọ̀ tó wà lójú sánmọ̀.

Aláàárù ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, kò yé e, àfìgbà tó wá sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màámi, bọ́ọ̀sì elérò púpọ̀ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá. Ibùdókọ̀ kan náà ló ń já gbogbo wọn sí. Ta ló máa wá gbé ẹrù kálukú délé? Àwa ni. Tó bá yá, ọ̀nà òkè yẹn á kún fún aláàárù bí ọ̀nà ilẹ̀ ṣe kún yìí." Obìnrin náà ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù níbẹ̀ ni pé ẹnì kan á máa gbé ẹrù ẹlẹ́rù délé láìfọ́.

Sátẹ́láìtì oníbàárà àkọ́kọ́ ni Aláàárù gbé, ọwọ́ irin mẹ́rin ló sì fi dì í mú. Bó bá ti débi tó ń lọ, kí ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí, ó parí. Bí wọn ò bá ṣí, ilé-iṣẹ́ á kógbá sílé, nítorí ta ló máa tún pe aláàárù tí kì í sọ ẹrù kalẹ̀?

Ọwọ́ kìíní ṣí. Ìkejì ṣí, ìkẹta náà ṣí. Ìkẹrin kọ̀ jálẹ̀.

Wọ́n tún àṣẹ pa, kò mira. Wọ́n mú un gbóná, bóyá òtútù ló mú un gan, ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lókè gíláàsì ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ wọn wá fún àwọn àlejò.

"Ta ló yẹ ọwọ́ kẹrin wò kẹ́yìn?" Ọ̀gá bèèrè.

"Èmi ni." Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn, òun ni olórí àwọn tó to ọkọ̀ náà. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é nígbà tí mo wò ó."

"Nǹkan kan ló ṣe é o! Àbí o ò wò ó dáadáa ni?"

Ìyàwó wolẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, Ìyá Ọ̀gá ò fẹ́ràn obìnrin yìí tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ má fọwọ́ kàn án" ló máa ń sọ nígbàkúùgbà tí ìyá ọkọ bá dé ibi iṣẹ́, bí ẹni pé ọmọdé ló wá. Lọ́jọ́ mìíràn, inú ìyá ì bá dùn díẹ̀ pé ojú tì í. Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ti já. Ọwọ́ kẹrin? Ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n fi ọwọ́ kẹrin dá lọ́lá?

Kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀, èèkàn irin kékeré tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ni wọ́n fi ń há ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó má baà ṣí lójú ọ̀nà. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá yọ èèkàn ló ń mú un lọ sílé fún ìrántí. Ìyá Ọ̀gá ló yọ ìkẹrin. Kámẹ́rà kọ mànà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n ṣe yíjú láti lọ gbé ìdérí ọkọ̀, ó rí ihò tó là sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kò fi ìgò òògùn kan sílẹ̀ láìdé rí. "Ohun tó o bá ṣí, dé e" ni òfin tó fi tọ́ ọmọ. Ó dá èèkàn padà sáyè rẹ̀, ó ká aṣọ pupa wọnú, wọ́n sì gbé ìdérí dé e, wọ́n rò pé èèkàn ti wà nínú báàgì rẹ̀. Ìwà rere náà máa ń kó bá èèyàn nígbà míì.

"Ká fì í yípo ńkọ́?" òṣìṣẹ́ kan dábàá. "Bóyá ohun tó há a á já bọ́."

"Tí ohun tó há a bá dè mọ́ ọn ńkọ́?" ni èsì Ọ̀gá. "Ọwọ́ náà á ya, àfọ́kù rẹ̀ á fọ́n sójú ọ̀nà, á máa gbá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Rárá. Ẹ jẹ́ ká wà á wálẹ̀, kó jóná tẹrùtẹrù nínú afẹ́fẹ́."

Kó jóná. Èèkàn náà á jóná, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ láé. Ìyá Ọ̀gá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ṣì ń wá àṣìṣe ara rẹ̀ nínú ìwé àyẹ̀wò. Ó rántí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì tó bá ṣi òògùn fún aláìsàn, tó tètè sọ, wọ́n lè rí i gbà là. Èyí tó dákẹ́ ló pa á.

Ó gbá gíláàsì gbàgbà. "Èmi ni! Mo dá a padà!"

Ó sọ ọ́ látòkèdélẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìyàwó ló sáré jáde wá, ó lóṣòó síwájú rẹ̀.

"Màámi, nígbà tí ẹ dá a padà, ṣé ẹ yí i?"

"Yí i báwo?"

"Bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́."

"Èmi? Mo kàn tì í wọlé ni. Ta ló sọ fún mi pé wọ́n ń yí i?"

Ìyàwó fò dìde. "Èèkàn tí wọn ò yí kò dè! Ẹ fì í!"

Wọ́n rọra fì í. Lójú kọ̀ǹpútà, aṣọ pupa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó já, ó wọ inú òkùnkùn lọ. Ọwọ́ kẹrin ṣí. Gbogbo ilé pariwo, ìyá sì bú sẹ́kún.

"Èèkàn yẹn ńkọ́?" ó bèèrè nígbà tó nu ojú tán. "Òun náà ò ní gbá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?"

"A ń ṣọ́ ọ, Màámi," ìyàwó ní. "Kò ní pẹ́ já wálẹ̀, á jóná."

Ìyá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, bẹ ìyàwó ẹ." Ó sì bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, lójú àwọn òṣìṣẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ kejì fẹ́ lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni Ìyá Ọ̀gá lọ dúró sí, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ìyàwó wá a dé ibẹ̀.

"Ẹ bọ̀, Màámi. Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Ó yọ èèkàn, ó fi í lé ìyàwó lọ́wọ́. Ihò náà là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń yún un. Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi gbé ìdérí dé.