Àrọ̀ Inú Ibú

Ọdún kẹta rèé tí ẹgbẹ́ aṣọ́dò abúlé wa ti ń ṣọ́ ibú yìí létí odò Mekong. A ní kí ẹnikẹ́ni má ju àwọ̀n síbẹ̀, kí ẹja kéékèèké lè bí sí i. Kàkà kí wọ́n pọ̀, ṣe ni wọ́n ń dín kù. Kò sí apẹja tí mi ò tíì pè ní olè lábúlé wa. Oorun ò kùn mí mọ́.

Láàárọ̀ òní ni mo bá ìyá mi létí ibú, tí wọ́n ń da bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹja àrọ̀ sómi.

Mo figbe ta. "Ìyá mi! Àrọ̀ á jẹ ẹja wa tán!"

"Khamsing, má pariwo mọ́ mi. Wọ́n fẹ́ pa wọ́n lọ́jà ni mo fi rà wọ́n. Ẹni tó bá tú ohun ẹlẹ́mìí sílẹ̀, ire á bá a. Àbí o ti gbọ́n ju àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì lọ?"

"Ìgbà wo lẹ ti ń ṣe é?"

"Láti ọdún mẹ́ta. Gbogbo ọjọ́ tí òṣùpá bá kún." Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró wọn. "Orúkọ ẹ ni mo máa ń pè sí i, kí iṣẹ́ odò yín lè yọrí."