Èédú Inú Ìkòkò Bàbá

Kápẹ́ńtà kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ òun ló ń gbóná. Ó gbé ìkòkò tábà náà láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, ó tún fà á. Èéfín kún ẹnu rẹ̀, ó korò bí òróòro. Awakọ̀ tó jókòó tì í ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìkòkò yín ti ní ojú o," ni ó wí. "Ó ń wò mí."

Gbogbo wọn na ọrùn wò ó. Ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà, níbi tí igi rẹ̀ ti ń dán bí awọ tí wọ́n fi òróró pa, àmì dúdú kan ti yọ, kò ju orí ìṣó lọ. Bí wọ́n ti ń wò ó ló ń fẹ̀. Ó pọ́n láàárín, ó là, èéfín tín-ín-rín sì gba ibẹ̀ jáde. Ẹ̀rín kú mọ́ Awakọ̀ lẹ́nu.

Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù alátábà ni wọ́n ti máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé, àwọn mẹ́fà tó fẹ́ràn sìgá ńlá, irú èyí tí wọ́n fi odidi ewé tábà wé, tó nípọn bí àtàǹpàkò. Wọ́n ní òfin tiwọn. Ẹnikẹ́ni kì í gbọn eérú sìgá rẹ̀ dànù. Ẹni tí eérú tirẹ̀ bá gùn jù kó tó já ni àwọn yòókù ń ra kọfí fún. Ẹni keje wọn, Bàbá Alágogo tó ń tún aago ṣe, kì í mu sìgá rárá. Ìkòkò ni tirẹ̀. Òun ló máa ń kó eérú gbogbo wọn sínú agolo mílíìkì kan bó bá fẹ́ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bi í ohun tó ń fi í ṣe. Awakọ̀ kàn sọ ọ́ ní Agbeérú, á ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì baba náà, wọn yóò bá òkè ńlá níbẹ̀.

Ní oṣù yẹn ni wọ́n dá àbá pé kí oníkálukú mú ohun tí àwọn àgbà rẹ̀ fi mu tábà wá fún wíwò. Kápẹ́ńtà ò ní nǹkan kan láti mú wá, nítorí bàbá tirẹ̀ ò fẹnu kan tábà rí. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ìkòkò bàbá rẹ̀ atẹ̀wé, tó wé sínú aṣọ ìnujú olóògbé náà. Bí ọkàn obìnrin náà bá dàrú, á ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, á tú aṣọ ìnujú náà, á fi ìkòkò náà sí imú, á sì tún un wé. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Tábà yìí ló pa bàbá mi, mo mọ̀. Èmi náà ni mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún lójoojúmọ́. Síbẹ̀, inú ìkòkò yìí ni mo ti ń bá a pàdé."

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ tọrọ rẹ̀, ó rò ó fún ọjọ́ méjì kó tó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má tanná ràn án, ẹ má sì fọ̀ ọ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun, tí wọn ò fún láyè láti wá sin bàbá wọn, ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù pé bó bá ti wọlé, kó tó mu omi pàápàá, yóò gbọ́ òórùn bàbá.

Ìyọnu Kápẹ́ńtà ni pé kì í lè rí igi kó fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé ìkòkò náà sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi iná fóònù wo inú rẹ̀. Gbòǹgbò igi líle kan ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ojú igi náà ń ṣàn yí i ká bí omi. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ohun kan bí èédú, tó nípọn tó owó onírin, ti lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Ojú tì í pé kóun gbé irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àwọn ọ̀rẹ́ òun. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ kékeré tó tẹ̀ lẹ́nu, ó ń ha á díẹ̀díẹ̀, ó sì fi sáńpépà parí rẹ̀ títí inú ìkòkò náà fi pọ́n bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ó tu ara rẹ̀ nínú pé fífọ̀ ni ìyàwó òun ní kóun má fọ̀ ọ́. Omi ò kàn án.

Bẹ́ẹ̀ ni ì bá sì mọ, bí Awakọ̀ ò bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọ̀sán Sátidé. Ó ní ìkòkò tí kò gba iná, ṣíbí lásán ni. Bàbá Alágogo ti jáde lọ dáhùn fóònù, kò sẹ́ni tó lè kìlọ̀ fún un. Kápẹ́ńtà di tábà sínú rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó sì ń fà á bó ṣe máa ń fa sìgá, kíkankíkan.

Nígbà tí Bàbá Alágogo wọlé padà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó da tábà náà nù, ó fi awò tó fi ń wo inú aago há ojú kan, ó sì wo inú ìkòkò náà pẹ́.

"Ta ló ha inú rẹ̀?"

"Èmi ni, bàbá. Mo pè é ní ìdọ̀tí."

"Èédú yẹn ni ẹ̀wù igi náà." Ó wá rọra ṣàlàyé, bí ẹni ń ka nọ́ńbà, pé gbogbo ìgbà tí èèyàn bá mu ìkòkò kan, ẹyọ ìpele èédú kan ni yóò fi kún inú rẹ̀, kò nípọn tó irun orí. Ọgbọ̀n ọdún ló gbà kó tó nípọn tó owó onírin. Èédú yẹn ni iná ń jẹ, kò ní lè kan igi. Ẹni tó bá ra ìkòkò tuntun, ìdajì ni yóò máa di, yóò sì máa fà á bí ẹni ń mu tíì gbígbóná, títí igi náà yóò fi rí ẹ̀wù wọ̀. "Ìwọ bọ́ ẹ̀wù lára arúgbó, o wá tì í sínú iná."

Kápẹ́ńtà bi í bóyá ó ṣeé tún ṣe. Baba náà ṣí agolo mílíìkì rẹ̀. Ó ní ohun tóun fi eérú wọn ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn: bí èèyàn bá fi omi díẹ̀ pò ó, á dà bí amọ̀, bó bá fi amọ̀ náà rẹ́ inú ìkòkò tó jóná, á gbẹ, á le, kò ní jẹ́ kí iná kan igi mọ́. Kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ lè fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlúù dí ìta rẹ̀, kó sì fá a títí yóò fi dán. Ojú ò ní mọ̀ ọ́n.

"Imú ńkọ́?" ni Kápẹ́ńtà béèrè.

"Níbo ni èyí tó o ha wà?"

Kápẹ́ńtà sáré jáde. Ó ti gun alùpùpù rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tú àpò tó ń kó ìdọ̀tí igi sí, ó sì rí ìwé ìròyìn náà bó ṣe ká a. Ó ṣí i. Òórùn náà dé kó tó tẹrí ba: èso gbígbẹ, awọ, íńkì, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Lójú ẹsẹ̀, ó fi ojú inú rí bàbá ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lórí garawa íńkì lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé, tó ń rẹ́rìn-ín sí bó ṣe ń kánjú rẹ́ pákó. "Igi kì í sá lọ o, Kápẹ́ńtà." Ó tún ìwé ìròyìn náà ká, ó sì gbé e lọ.

Nígbà tó padà, Bàbá Alágogo fi ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀ láìfi dúdú pe funfun. Bí wọ́n bá po èédú náà mọ́ eérú, ìkòkò yóò di odindi, òórùn olóògbé náà yóò sì kù nínú rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ ò ní fura. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá pò pọ̀ mọ́ eérú sìgá èèyàn mẹ́fà, kò sẹ́ni tó tún lè ṣà á jáde láéláé. Bí wọn ò bá pò ó, òórùn yóò wà nínú ìwé ìròyìn, ihò yóò sì wà lára ìkòkò.

"Ẹ pò ó pọ̀ jàre," ni Awakọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Kò sílé tí wọn ò ti fi ẹní bo nǹkan."

Kápẹ́ńtà ti mú ṣíbí. Ó ti bù nínú eérú náà. Ó wo èédú, ó wo eérú, ó sì da ohun tó bù padà sínú agolo.

"Kì í ṣe tèmi, bàbá," ni ó wí.

Baba náà dé agolo rẹ̀, ó sì tì í sí i. "Mú un dání. Bí ẹni tó ni ín bá ní kó o tún un ṣe, wàá rí i lò."

Nígbà tí Kápẹ́ńtà délé, ìyàwó rẹ̀ ti dé láti ibi iṣẹ́. Aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò. Kápẹ́ńtà pè é wá sídìí tábìlì, ó gbé ìkòkò, ìwé ìròyìn àti agolo kalẹ̀, ó sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fo ọ̀bẹ, kò fo sáńpépà, kò fo iná tó ṣá sí i, kò di ẹ̀bi ru Awakọ̀. Ọ̀rọ̀ pé omi ò kàn án wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì.

Obìnrin náà ti ọmọ ìka rẹ̀ bọ inú ihò náà. Lẹ́yìn náà, ó ṣí ìwé ìròyìn, ó tẹrí ba, ó sì fa òórùn náà símú.

"Ta ló ní kó o ha á?"

Ogún ọdún ni wọ́n ti fẹ́ ara wọn, obìnrin náà ò pè é ní "o" rí.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ha á."

"O fẹ́ kó dára lójú wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó da èédú náà sínú aṣọ ìnujú bàbá rẹ̀, ó fara balẹ̀ gbọn ìwé náà kí hóró kan má bàa ṣẹ́ kù, ó sì so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀.

"Mo lè dí ihò náà," ni Kápẹ́ńtà wí. "Ẹ̀gbọ́n ò ní mọ̀ pé—"

"Mo mọ̀ pé o lè dí i. Má dí i." Ó dìde. "Ìwọ lo máa lọ pàdé ẹ̀gbọ́n mi ní pápákọ̀ òfurufú lọ́la. Kẹ́ ẹ tó dé ilé, kó o ti sọ fún un. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi."

"Mo gbọ́."

Ó gbé aṣọ ìnujú náà wọ yàrá. Ìkòkò ló fi sílẹ̀ lórí tábìlì, ihò rẹ̀ kọjú sí àga Kápẹ́ńtà. Ọkùnrin náà na ọwọ́ láti yí i padà, ó sì fa ọwọ́ náà sẹ́yìn. Ó gbé agolo eérú lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó padà wá jókòó síwájú ihò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́la jọ lábẹ́lẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ sọ ní àwáwí nínú. Ó pa á tì, ó tún un bẹ̀rẹ̀, láti orí ọ̀bẹ.