Ẹni Tó Ń Yọ Àkísà

Nígbà tí Mùlíkàt ti ibi iṣẹ́ dé, tó tún bá àkísà tó fi dí ihò ara ọkọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Atẹ́gùn kì í ká aṣọ. Wọ́n ká èyí dáadáa, wọ́n sì gbé òkúta lé e lórí.

Inú RV ló ń gbé, ọkọ̀ gbọọrọ tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná kékeré nínú, lẹ́yìn ilé Ayọ̀dèjì ní Accokeek, nílùú òyìnbó. Ayọ̀dèjì yìí, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ní kó máa gbé ibẹ̀ títí yóò fi rí apartment. Nígbà ooru, kò sí wàhálà. Àmọ́ nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, inú ọkọ̀ náà tutù bíi inú firiji. Mùlíkàt ra hítà onígáàsì, ó fi àkísà dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bó ṣe ń dí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ń yọ ọ́.

Ọkàn rẹ̀ ò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ju Wùnmí, ìyàwó Ayọ̀dèjì, lọ. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ló máa ń dúró sí, tí yóò máa wo RV náà ṣáá.

Mujeebah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ní, "Ìwọ obìnrin ń gbé lẹ́yìnkùlé ọkọ Wùnmí. Ó fẹ́ kí òtútù bá òun lé ẹ ni."

Ní Sátidé, Mùlíkàt ní òun ń lọ sí Springdale. Ó páàkì mọ́tò rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà gba inú igbó. Ó bá Wùnmí lórí ìkúnlẹ̀ nínú yìnyín, àkísà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí Wùnmí! Kí ni mo fi ṣe yín?"

Wùnmí ò dìde. "Ṣé o tún tan hítà yẹn sùn lánàá?"

"Ṣé kí òtútù wá pa mí ni?"

"Òtútù á jí ẹ. Èéfín gáàsì kì í jí èèyàn. Ihò yìí ló yẹ kó máa gbà jáde. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀, n'Ìbàdàn. Òjò ń rọ̀, wọ́n ti fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tá a já ilẹ̀kùn, a rò pé wọ́n ń sùn ni."

Mùlíkàt ò tètè gbà á gbọ́. Ó ń wo ojú rẹ̀ bóyá irọ́ wà níbẹ̀.

"Ṣé orí máa ń fọ́ ẹ tó o bá jí?"

Orí ń fọ́ Mùlíkàt lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ló rò pé ó fà á.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mi ò tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n fa wáyà iná láti gáréèjì wọ inú RV, Wùnmí gbé hítà oníná tirẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ wa mọ́tò lọ sí Brandywine lọ ra aláàmù tó máa ń ké bí èéfín bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú ilé.

Lọ́nà, Mùlíkàt ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo ti ro èròkérò sí yín."

"Mo mọ̀," ni Wùnmí wí, ó ń wo títì. "Èmi náà rò ó sí ẹ, ìwọ àti ọkọ mi."