Ìkúnlẹ̀ ní Yàrá Ìdánwò Màdírììdì

Màámi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ẹ gbọ́ àlá mi. Mo wọ yàrá ìdánwò èdè Sípéènì ní Màdírììdì. Bí n kò bá yege, wọn ó dá mi padà sílé. Mo kúnlẹ̀ kí àwọn olùkọ́, ni àwọn náà bá kúnlẹ̀. Mo tẹrí ba, wọ́n tẹrí ba jù mí lọ, irùngbọ̀n ọ̀gá wọn ń gbálẹ̀. Ẹ̀yin jókòó sórí àga rẹ̀, ẹ ń bó ọsàn.

"Àbíkẹ́, dìde jàre, orúnkún ń ro àwọn àgbà!"

"Màámi, ṣé kí n dìde ṣáájú wọn ni?"

"Bí o kò bá dìde, ibẹ̀ ni wọn ó sùn!"

Mo dìde. Èdè Sípéènì ń dà lẹ́nu mi bí omi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àwọn olùkọ́ sì ń ṣe "Àmín" lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀gá wọn nawọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde. Mo dì í mú, ni mo bá jí.