Ohùn Tekman Lórí Dráìfù Keje

Sarmila ti ń ṣiṣẹ́ ní sítúdíò ìgbohùnsílẹ̀ Ratnaman ní ìlú Patan láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló sì mọ ibi tí ohùn gbogbo wà. Dráìfù mọ́kànlá, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kó ohùn pamọ́ sí, ni wọ́n ní, àwọn kan nínú páálí bàtà, àwọn kan lójú fèrèsé. Èyíkéyìí tí wọ́n bá ti so mọ́ kọ̀ǹpútà, Sarmila á jẹ́ kí ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to orin ka orúkọ gbogbo fáìlì inú rẹ̀, kó sì tọ́jú wọn. Bí wọ́n tilẹ̀ yọ dráìfù ọ̀hún, orúkọ á ṣì wà nílẹ̀.

Ìyẹn gan-an ni kò tẹ́ Ratnaman ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ yìí.

"Sarmila, kọ̀ǹpútà yìí ń rìn bí ìgbín. Pa gbogbo orúkọ àtijọ́ wọ̀nyẹn rẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò."

"Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò? Ilé tó ti wó, ṣé o ṣì ń ka yàrá inú ẹ̀ ni?"

Kò tíì sọ tán tí ìyá àgbàlagbà kan fi kanlẹ̀kùn. Dhanmaya lorúkọ rẹ̀, Lamjung ló ti wọ bọ́ọ̀sì wá. Tekman ọkọ rẹ̀, tó ń fi gòjé sárangi kọrin kiri abúlé, ti kú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

"Ó kọrin níbí lọ́dún tí ilẹ̀ mì," ni ìyá náà wí. "Ẹ ò gbé e jáde. Ọmọbìnrin wa wà ní Qatar, kò lè wá sìnkú bàbá ẹ̀. Ohùn ẹ̀ nìkan ló ń bẹ̀ mí fún."

Sarmila tẹ orúkọ Tekman sínú kọ̀ǹpútà. Kò rí nǹkan kan. Ojú ìyá náà rẹ̀wẹ̀sì.

"Bọ̀ọ̀dá, nígbà yẹn ẹ kì í kọ orúkọ olórin. Kí lẹ máa ń kọ?"

Ratnaman họrí. "Ìlú tó ti wá."

Sarmila tẹ Lamjung. Orúkọ mẹ́rìnlá yọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní orí dráìfù keje ni wọ́n wà, dráìfù yẹn kò sì sí lára rẹ̀. Sarmila tú páálí bàtà. Ó rí ìkẹfà, ó rí ìkẹjọ.

Ratnaman rọra jókòó. "Mo ti fún Sunaina àbúrò mi ní Bhaktapur, kó fi kó fọ́tò. Mo ní òfìfo ni."

"Ẹ ní òfìfo?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ takisí kan náà lọ sí Bhaktapur. Nígbà tí Sarmila so dráìfù náà mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, mọ́kànlá ti lọ nínú mẹ́rìnlá. Sunaina ti pa wọ́n rẹ́ kí fọ́tò lè ráyè. Mẹ́ta ló kù. Méjì jẹ́ sárangi lásán, láìsí ohùn ènìyàn. Sarmila ṣí ẹ̀kẹta.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan sọ̀rọ̀: "Ẹ dúró ná, ẹ fún mi ní nǹkan mu. Dhanmaya ní n ò gbọdọ̀ mutí kí n tó kọrin, àmọ́ Dhanmaya ò sí níbí." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá kọ ẹsẹ orin kan ṣoṣo.

Dhanmaya fi etí ìborùn bo ẹnu, ẹkún àti ẹ̀rín sì gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ni Ratnaman wí. "Èmi ni mo sọ ìyókù nù."

"Ìwọ náà kọ́ lo gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ni? Jókòó, ọmọ mi."

Sarmila fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Qatar. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi pe ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, kí ni wọ́n fún bàbá mu?"

"Omi ni," ni Dhanmaya dáhùn. Ó wo Ratnaman. "Àbí?"

"Omi ni, Màmá," ni Ratnaman wí, kò sì gbójú sókè.