Àwọn Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ẹ kí n tó gbàgbé. O ṣáà mọ àwọn ọmọ òkè òkun tí mò ń kọ́ ní Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Bọ́lá, ọmọ ọmọ mi tí mi ò tíì gbé mọ́ra rí, wà lára wọn.

Lójú àlá, mo ní kí wọ́n kí mi bí a ṣe ń kí àgbà. Obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, ni mi ò bá rí ẹnikẹ́ni mọ́. Àga òfìfo ló kù lójú kọ̀ǹpútà.

Mo ní, "Ẹ dìde o!" Wọn ò dìde. Bọ́lá bá kọ ọ́ síbi tí a ti máa ń kọ̀rọ̀ síra wa: "Màmá, ẹ ò tíì fọwọ́ kàn wá."

Mo ki ọwọ́ bọ inú kọ̀ǹpútà. Ó jìn bí ìkòkò omi, ó sì tutù. Ó mù mí dé èjìká kí n tó kan irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, tí òróró ṣì wà lára ẹ̀. Mo ní kí n máa ṣàdúrà fún Bọ́lá, ni mo bá jí.

Má túmọ̀ ẹ̀ fún mi o. Ṣáà gba ọwọ́ mi, gbóòórùn ẹ̀ wò: ṣé kò sí òróró níbẹ̀?